Géèmù Tó Gbà Kí Èèyàn Tọwọ́ Bọ̀ Ọ́

Kò sí ọmọ tó lè lọ bá bàbá rẹ̀ n'Íbàdàn pé kó ra PlayStation fóun nítorí ìdánwò WAEC. Bàbá náà á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná, kó tó bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan náà bá ní láptọ́ọ̀pù lòun ń fẹ́, kóun lè máa fi ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹbí nìyẹn. Wọ́n á pe ẹ̀gbọ́n tó wà l'Ékòó, wọ́n á ní kó yà sí Computer Village n'Íkẹjà, kó bá wọn wo tòkunbọ̀ tó bá ṣe é gbọ́kàn lé. Láptọ́ọ̀pù á délé, ìyá á gbàdúrà lé e lórí. Kò ní í pẹ́ tí GTA San Andreas á fi wà lórí rẹ̀, Football Manager náà á wà níbẹ̀, wọ́n á sì ti kó gbogbo rẹ̀ sínú fódà kan tí wọ́n kọ "Physics" sí lára.

Ìdí tí mo fi ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé bí àwọn ọ̀dọ́ bá ti ń jiyàn lórí kọ̀ǹpútà àti PlayStation, àwòrán ni wọ́n máa ń gbé síwájú: èyí ló ń mọ́ rekete, ìyẹn ló ń sáré. Àríyànjiyàn yẹn kì í tán, kò sì kàn mí tó bẹ́ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí mò ń wí yìí, ibo ló ti fẹ́ bá PlayStation 5 du àwòrán? Síbẹ̀, ohun kan wà lára kọ̀ǹpútà tó ń fa èèyàn mọ́ra, tí ẹni tó bá ti tọ́ ọ wò kì í fẹ́ fi sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í bi èèyàn léèrè ohun tó fẹ́ fi òun ṣe. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá mọ̀ ọ́n kọ sínú rẹ̀, yóò ṣe é. Ti PlayStation, Xbox àti Nintendo kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ló ń pinnu ohun tó máa wọlé síbẹ̀, wọ́n sì ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á. Ẹni tó ra PlayStation gba oúnjẹ tí wọ́n ti bù sábọ́. Ẹni tó ra kọ̀ǹpútà gba oúnjẹ, ó tún gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Lọ́dún 1962, ní yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà, Steve Russell àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ géèmù kan tí wọ́n pè ní Spacewar! sórí kọ̀ǹpútà ràgàjì kan, PDP-1. Ọkọ̀ òfuurufú méjì ló ń lé ara wọn kiri, tí wọ́n ń yìnbọn lura wọn. Kò sẹ́ni tó ń tà á. Peter Samson wo àwọn ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ló bá fi ìràwọ̀ ojú ọ̀run gidi rọ́pò wọn, bí wọ́n ṣe tò lọ́run gẹ́lẹ́. Dan Edwards ní tirẹ̀ fi agbára oòrùn kún un, tó ń fa ọkọ̀ mọ́ra, kí ẹni tí kò bá ṣọ́ra lè bá ibẹ̀ lọ. Bí yunifásítì mìíràn bá ra PDP-1, wọ́n á gba ẹ̀dà géèmù náà, àwọn náà á sì tún un ṣe bó ṣe wù wọ́n. Ọdún 1972 ni Magnavox Odyssey dọ́jà, èyí tó ti inú iṣẹ́ Ralph Baer jáde, òun sì ni ẹ̀rọ géèmù àkọ́kọ́ tí èèyàn lè so mọ́ tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀. Bí wọ́n ṣe dì í sínú páálí ni ẹni tó rà á ṣe ń fi í ṣeré. Ọ̀nà ti pín sí méjì láti ìgbà náà.

Doom ló wá sọ ọ̀nà ti kọ̀ǹpútà di títì márosẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá ọdún 1993 ni id Software, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Texas, gbé e jáde. Wọ́n fi apá àkọ́kọ́ tọrẹ. Ẹni tó bá dùn mọ́ ni yóò sanwó gba ìyókù. John Carmack, tó kọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kó àwòrán, ohùn àti máàpù sínú fáìlì ọ̀tọ̀ tí wọ́n ń pè ní WAD, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè ṣe tirẹ̀ láì ba tiwọn jẹ́. Lọ́dún 1997, wọ́n tún kó ohun tí wọ́n fi kọ ẹ́ńjìnnì náà síta fún aráyé. Àwọn èèyàn ṣì ń ṣe máàpù tuntun fún un títí dòní. Ẹlòmíràn ti gbé e sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹlòmíràn ti gbé e sórí ẹ̀rọ ATM, nítorí kí wọ́n ṣáà lè sọ pé àwọn gbé e síbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gba àlejò láyè láti tọwọ́ bọ iṣẹ́ onílé yìí ló bí ọ̀pọ̀ nínú géèmù tó lókìkí jù láyé. Minh Le ṣì wà ní yunifásítì ní Kánádà nígbà tí òun àti Jess Cliffe, ẹnìkejì rẹ̀ tó wà l'Amẹ́ríkà, mú Half-Life tí Valve gbé jáde lọ́dún 1998, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ogun láàárín agbófinró àti afẹ̀míṣòfò. Wọ́n pè é ní Counter-Strike, wọ́n sì pín in lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún 1999. Valve kò pè wọ́n lẹ́jọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló ra géèmù náà lọ́wọ́ wọn, tó sì gbà wọ́n síṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe máàpù fún Warcraft III ló gbé DotA dìde, tó ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni League of Legends àti Dota 2 ti ṣẹ̀.

Ti Brendan Greene, ọmọ Ireland, ló sún mọ́ wa jù. Géèmù ológun kan wà tó ń jẹ́ Arma 2. Dean Hall, ọmọ New Zealand, tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó di DayZ. Greene tún tọwọ́ bọ DayZ: ó kó èèyàn púpọ̀ sójú kan náà, ó ní kí wọ́n máa pa ara wọn títí yóò fi ku ẹyọ kan. Lọ́dún 2017, ilé-iṣẹ́ kan ní Gúúsù Kòríà bá a sọ èrò yìí di géèmù tó dá dúró, PUBG. Kí ọdún náà tó parí, Fortnite ti gba ojú ọ̀nà kan náà. Ọmọ tó jókòó sínú BRT lónìí, tó tẹjú mọ́ Free Fire lórí fóònù rẹ̀ tí kò gbọ́ pé kọ̀ńdọ́ ń pe bọ́sítọ́ọ̀pù, kò mọ̀ pé ibi tí ẹnì kan ti ń ba géèmù ẹlẹ́ni jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ká ní PlayStation nìkan ni Greene ní nílé, kò sí ibi tí ì bá ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá. Markus Persson nìkan ló jókòó ní Sweden lọ́dún 2009, tó ń kọ Minecraft, tó sì ti ń tà á nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí lára rẹ̀. Lọ́dún 2014, Microsoft ra ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní bílíọ̀nù 2.5 dọ́là.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ìfẹ́ ọkàn nìkan ló ń jẹ́ kí orílẹ̀-èdè kan yan kọ̀ǹpútà. Òfin àti owó ló máa ń yàn fún wọn. Ẹ wo Gúúsù Kòríà. Lẹ́yìn tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ Japan lọ́dún 1945, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba ibẹ̀ ń dènà fíìmù, orin àti géèmù Japan, bẹ́ẹ̀ Japan ni ẹ̀rọ géèmù ti ń wá. Nígbà tó di 1997, ọrọ̀ ajé wọn dẹnu kọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fi ìwọ̀nba owó tó kù ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní PC bang, níbi tí èèyàn ti ń sanwó wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ń na wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó yára kiri ìlú lákòókò kan náà. Ibẹ̀ ni StarCraft bá wọn lọ́dún 1998. Kò pẹ́ tí tẹlifíṣọ̀n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìdíje StarCraft sáfẹ́fẹ́ bí a ṣe ń wo bọ́ọ̀lù, tí Lim Yo-hwan, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀, sì di gbajúgbajà táwọn ọmọbìnrin ń tẹ̀ lé kiri. PlayStation 2 kò wọ Kòríà ní tààrà àfi lọ́dún 2002. Ilẹ̀ ti ṣú. Ní Ṣáínà, ìjọba fòfin de ẹ̀rọ géèmù lọ́dún 2000, wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ títí di 2014. Kí ni àwọn ọmọ wọn ì bá tún fi ṣeré bí kò ṣe kọ̀ǹpútà?

Níhìn-ín, òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Bọ́ọ̀lù àti àìlówó ló gbé PlayStation 2 dé gbogbo àdúgbò wa. Ọdún 2000 ni Sony gbé e jáde, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013 ni wọ́n tó kéde pé àwọn kò ṣe é mọ́, kò sì sí ẹ̀rọ géèmù mìíràn tó tà tó o, torí ó lé ní mílíọ̀nù 150. Ẹni tó bá dàgbà l'Ágége, ní Mushin tàbí ní Mọ́kọ́lá mọ ṣọ́ọ̀bù géèmù: tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá lórí tábìlì, PS2 tí wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀ kúrò kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i, fáànù kékeré kan tó dojú kọ ọ́, páàdì tí rọ́bà orí rẹ̀ ti jẹ tán tó fi jẹ́ pé irin ló ń gún àtàǹpàkò. Bẹ́ǹṣì kan, èèyàn mẹ́fà. Wọ́n ń gbá Winning Eleven. Ẹni tó bá jẹ á dúró, ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, òun náà ni yóò sanwó. Bó bá wá di ìṣẹ́jú 85, tí ẹnì kan ti fi góólù kan ṣíwájú, NEPA á mú iná lọ. Ẹni tó ń jẹ á ní ó ti parí. Ẹnìkejì á ní kò parí, ṣebí iná ló lọ. Oníṣọ́ọ̀bù á ní ohun yòówù kó jẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ san owó òun. Mo ti rí i níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ìjà, tí bàbá arúgbó kan tó ń ta tẹ́tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ fi wá bá wọn dá a: ẹni tí wọ́n jẹ góólù sínú àwọ̀n rẹ̀ á san ìdajì.

Láptọ́ọ̀pù kì í mọ̀ pé wọ́n mú iná lọ. Bí bátìrì rẹ̀ bá ṣì ní ẹ̀mí, àbí? Àwọn tó ti ra tòkunbọ̀ rí mọ ohun tí mò ń wí. Ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé iná á wà ní alẹ́ òní, wákàtí méjì bátìrì ju àwòrán mèremère lọ.

Ẹ̀tọ́ ni kí n sọ ọ́ pé kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà ní tó lè rọ́pò bẹ́ǹṣì yẹn. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà dá jókòó ni, ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí, kódà bó bá ń bá ọgọ́rùn-ún èèyàn ṣeré. Páàdì méjì lórí tẹlifíṣọ̀n kan gba ẹ̀fẹ̀, ó gba ìgbéraga, ó gba kí ẹni tó ń wò máa dá ẹni tó ń gbá lẹ́jọ́. Ohun tí PlayStation ní nìyẹn, kò sì kéré.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí géèmù kọ̀ǹpútà ti gbà lọ́kàn tán, ẹ lọ wo ẹni tó ń ṣe Football Manager. Àwọn ọmọ ìyá méjì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Paul àti Oliver Collyer, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1992 ní orúkọ Championship Manager. Ènìyàn kì í gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Kóòṣì ni ó jẹ́: yóò ra agbábọ́ọ̀lù, yóò tà, yóò tò wọ́n sórí pápá, yóò wá jókòó máa ka ìwé bí akọ̀wé owó. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe. Máòsì nìkan ló nílò, láptọ́ọ̀pù tó ti rẹ̀ náà á sì gbé e. Àwọn tó ṣe ti ọdún 2001 sí 2002 kò lè gbàgbé Taribo West, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbá ẹ̀yìn: kò ní ẹgbẹ́ tó ni ín nígbà tí géèmù náà bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá tètè dé ibẹ̀ á gbà á láì san kọ́bọ̀, á sì fi ẹ̀yìn ẹgbẹ́ rẹ̀ tì í fún ọdún mélòó kan. Àwọn olólùfẹ́ géèmù náà ṣì ń fi orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù òde òní sínú ẹ̀dà àtijọ́ yẹn, kí wọ́n lè máa ṣe é lọ, láìsí ẹni tó rán wọn níṣẹ́. Àkọsílẹ̀ tó wà nínú Football Manager jinlẹ̀ débi pé lọ́dún 2008 Everton bá ilé-iṣẹ́ náà ṣàdéhùn, kí wọ́n lè máa fi wá agbábọ́ọ̀lù.

Ọwọ́ máòsì àti kíbọ́ọ̀dù náà yàtọ̀ sí ti páàdì. Dennis Fong, tí wọ́n ń pè ní Thresh, ló fi han ayé lọ́dún 1997, nígbà tó na gbogbo àwọn tó kù nínú ìdíje Quake, tí id Software náà ṣe, tó sì gba Ferrari pupa tí Carmack fúnra rẹ̀ ń wà tẹ́lẹ̀. Bó ṣe ń to ìka rẹ̀ sórí W, A, S àti D ni gbogbo ayé ń tò ó báyìí.

Ká wá dé orí owó, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń díjú. Lọ́dún 2020 tí PlayStation 5 jáde, dọ́là 499 ni. Ní ọdún kan náà, káàdì RTX 3080 tí NVIDIA ṣe, káàdì nìkan o, kò tíì sí kọ̀ǹpútà tó máa wọ̀ nínú rẹ̀, dọ́là 699 ni. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ géèmù lè tà á ní ìwọ̀nba èrè, tàbí kí wọ́n tilẹ̀ pàdánù níbẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn á máa gba tiwọn lórí gbogbo géèmù tí ẹ bá rà. Ẹnikẹ́ni kò ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kan kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Owó tí àwọn tó ń ṣe géèmù kọ̀ǹpútà ń ná lórí káàdì kò kúkú ṣòfò: lọ́dún 2012, káàdì géèmù GTX 580 méjì ni Alex Krizhevsky fi kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá àwòrán mọ̀ ní Toronto, ibẹ̀ sì ni ìdàgbàsókè AI tí gbogbo èèyàn ń pariwo rẹ̀ lónìí ti gbérasọ.

Lọ́dọ̀ wa, ti géèmù gan-an ló le jù. Dọ́là 70 ni wọ́n sábà ń ta géèmù ńlá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé ìdajì, náírà 460 àti díẹ̀ ni dọ́là kan ní báńkì. Lọ́dún 2024 ó ti kọjá 1,500. Géèmù kan ti wọ 100,000 náírà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ 70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún náà. Ta ni yóò rà á? Lórí kọ̀ǹpútà, Epic ń fi géèmù tọrẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Steam máa ń já owó ti àtijọ́ wálẹ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ sì wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá. Ká má tan ara wa jẹ, ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú fódà "Physics" kò sẹ́ni tó sanwó rẹ̀. Síìdì PS2 tí wọ́n ń tà lábẹ́ bíríìjì náà ńkọ́?

Kọ̀ǹpútà sì máa ń yọ èèyàn lẹ́nu. Géèmù á ní fáìlì kan ti sọnù, á ní káàdì ti gbó jù, á ṣí, á sì tún pa ara rẹ̀ dé láì sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn ṣẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò ní sùúrù, kó gba páàdì. Tẹ́lẹ̀, síìdì lèèyàn ń fi sí PlayStation tí eré fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn náà ti ń kọjá lọ: Call of Duty nìkan lè gba ju 100GB lọ, kẹ́ ẹ sì wo iye tí wọ́n ń ta dátà.

Ibì kan wà tí kọ̀ǹpútà ti já mi kulẹ̀. Láti ìgbà tí Steam ti dé lọ́dún 2003, páálí géèmù kọ̀ǹpútà ti ń pòórá díẹ̀díẹ̀ lórí àtẹ. Ohun tí a ń rà níbẹ̀ jẹ́ àṣẹ láti lò ó, ilé-iṣẹ́ ló ṣì ni ín. Lọ́dún 2024, California ṣòfin pé kí àwọn tó ń tà báyìí máa là á yé oníbàárà, Steam sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ síbi tí èèyàn ti ń sanwó. Ẹni tó ní síìdì PS4 lè yá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó lè tà á, ó lè fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹni tó kó géèmù jọ sórí Steam kò lè tà á, kò sì lè fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ó yẹ kí ojú ti àwa tó ń pariwo pé ti kọ̀ǹpútà ni òmìnira. Ti GOG yàtọ̀, ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Poland, tí wọ́n ń fún èèyàn ní fáìlì géèmù láì fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Àwọn ti PlayStation náà kò ní pẹ́ bá wa níbẹ̀. PS5 Pro tí Sony gbé jáde lọ́dún 2024 kò ní ibi tí wọ́n ń ki síìdì bọ̀, àfi kí èèyàn rà á lọ́tọ̀.

Ààlà tó wà láàárín wọn pàápàá ti ń parẹ́. Sony, tó ń fi God of War pàrọwà fún èèyàn kó wá ra PlayStation, gbé e sórí kọ̀ǹpútà lọ́dún 2022. Ní ọdún yẹn kan náà ni Valve gbé Steam Deck jáde, tó rí bí ẹ̀rọ Nintendo lójú, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà Linux ni nínú, ẹni tó rà á sì lè tú u, kó gbé ohun tó bá wù ú sí i.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí léèrè, mi ò ní dá a lẹ́jọ́ kan náà fún gbogbo ilé. Ilé tí ọmọ mẹ́rin ń jà sí tẹlifíṣọ̀n kan, PS4 àlòkù ló máa bá wọn mu, pẹ̀lú páàdì méjì. Ọmọ tó ń tú rédíò palẹ̀ láti wo ohun tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ẹ ra láptọ́ọ̀pù fún un. Ẹ má gba èyí tí RAM rẹ̀ kò tó 8GB, kó jẹ́ èyí tó ń lo SSD, kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó ń tà á bóyá káàdì àwòrán rẹ̀ dá dúró. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kó ṣí géèmù kan lójú yín, kẹ́ ẹ yọ wáyà iná kúrò lára rẹ̀, kẹ́ ẹ dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Oníṣọ́ọ̀bù á ní òun ní oníbàárà mìíràn tó ń dúró. Ẹ jẹ́ kó máa sọ ọ́ lọ, ojú bátìrì ni kẹ́ ẹ máa wò.